Nọ́ńbà 3 lẹ́yìn aṣọ́lé: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Kòmórò àti Kamẹrúùnù, oṣù Kínní ọdún 2022

Nígbà tí ikọ̀ méjèèjì jáde sórí pápá Olembe ní Yaoundé lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24 oṣù Kínní, ọdún 2022, ẹni tó wọ jẹ́sì aṣọ́lé fún Kòmórò kì í ṣe aṣọ́lé. Wọ́n gé téèpù, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn jẹ́sì náà títí tó fi di nọ́ńbà 3, nítorí nọ́ńbà 3 ni nọ́ńbà ọkùnrin náà, nọ́ńbà agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn sì ni. Chaker Alhadhur ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni, Nantes ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí, ẹ̀yìn lápá òsì ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún AC Ajaccio ní ìpele kejì líìgì ilẹ̀ náà. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.72. Gíga yẹn tó fún ẹni tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ṣùgbọ́n ó kéré jọjọ fún ẹni tí yóò dúró lábẹ́ igi tó ga ní mítà 2.44, tí Vincent Aboubakar àti Karl Toko Ekambi yóò sì máa rọ òjò bọ́ọ̀lù lé lórí. Ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni wọ́n wà, Kamẹrúùnù sì ni onílé.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀, Kamẹrúùnù ló jáwé olúborí pẹ̀lú góòlù 2 sí 1, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ẹni tó bá ń yẹ àbájáde àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Kòmórò wò lọ́jọ́ iwájú yóò kà á mọ́ àwọn ìpàdánù yòókù, yóò sì ṣí ojú ìwé lọ síwájú. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àkọsílẹ̀ yìí ni pé ìpàdánù yẹn wúwo ju ọ̀pọ̀ ìṣẹ́gun lọ, àti pé kò sí bí a ṣe lè mọ ìwọ̀n rẹ̀ àfi bí a bá mọ ibi tí ikọ̀ náà ti ń bọ̀, àwọn tí wọn kò ní lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, àti òfin tó sọ pé dandan ni kí wọ́n gbá a bẹ́ẹ̀.

Kòmórò wà nínú Òkun Íńdíà, láàárín Mozambique àti Madagásíkà. Erékùṣù mẹ́ta ló para pọ̀ di orílẹ̀-èdè náà: Ngazidja, níbi tí Moroni tí í ṣe olú ìlú wà, Nzwani, àti Mwali. Ìkẹrin wọn, Mayotte, dúró sábẹ́ ilẹ̀ Faransé nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1975. Gbogbo ènìyàn tó ń gbé orí erékùṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó mílíọ̀nù kan. Orúkọ ẹja ni ikọ̀ wọn ń jẹ́, ẹja tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní gombessa, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì mọ̀ sí coelacanth. Inú ibú ló ń gbé, lẹ́bàá àpáta abẹ́ omi, lẹbẹ rẹ̀ sì nípọn, ó yọ jáde lára rẹ̀ bí ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá fẹ́ hù. Àwọn onímọ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹja yìí ti run kúrò láyé láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, àfìgbà tí àwọn apẹja mú ọ̀kan ní etíkun Gúúsù Áfíríkà lọ́dún 1938. Odindi ọdún 14 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Smith fi wá èkejì, tó ń pín ìwé ìkéde kiri, tó sì ṣèlérí 100 pọ́n-ùn fún ẹni tó bá mú un wá, kí wọ́n tó rí i ní Nzwani lọ́dún 1952. Kò ya àwọn apẹja Kòmórò lẹ́nu rárá. Wọ́n ti mọ ẹja náà tipẹ́, òróró ló pọ̀ jù nínú ẹran rẹ̀, kò sì dùn ún jẹ. Mo gbà pé orúkọ náà bá ikọ̀ yìí mu dáadáa, nítorí àwọn tó jìnnà nìkan ni kò mọ̀ pé ó wà láyé.

Ọdún 2005 ni àjọ FIFA tó gba Kòmórò wọlé, ìbẹ̀rẹ̀ wọn sì korò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀nà sí ife àgbáyé lọ́dún 2007, Madagásíkà, aládùúgbò wọn, nà wọ́n ní 6-2 ní Antananarivo, ó tún tẹ̀ lé wọn dé Moroni, ó sì nà wọ́n ní 4-0. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Mozambique ló dá wọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Títí di oṣù Kẹta ọdún 2016, wọn kò tíì jáwé olúborí rí nínú ìdíje ìpegedé fún ife ẹ̀yẹ Adúláwọ̀. Botswana ni wọ́n kọ́kọ́ nà, góòlù kan ṣoṣo sì ni.

Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ọjọ́ yẹn tó dé. Lọ́dún 2014 ni wọ́n gba Amir Abdou ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọmọ Kòmórò tí wọ́n bí sí Marseille, ìlú tí àwọn ará Kòmórò pọ̀ sí gidigidi. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó lè gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè bàbá wọn kò sí ní Moroni, pé Marseille, Martigues àti àwọn ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n wà. Balógun ikọ̀ náà, Nadjim Abdou, tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú Millwall ní London, ọmọ Martigues ni. Martigues náà ni wọ́n bí Ali Ahamada sí, aṣọ́lé Toulouse tẹ́lẹ̀, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rántí pé ó fi orí gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Rennes lọ́dún 2012. Salim Ben Boina, aṣọ́lé àkọ́kọ́ wọn, Endoume ló ń bá gbá bọ́ọ̀lù ní Marseille, ẹgbẹ́ tó jìnnà sísàlẹ̀ àwọn líìgì ńlá. Àwọn bẹ́ẹ̀ ló ń wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Moroni fún ọjọ́ díẹ̀, tí wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n á sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni àbájáde bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, Gánà wá sí Kòmórò, ó sì padà lọ pẹ̀lú ọ̀mì 0-0. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, Kamẹrúùnù náà wá, ọ̀mì 1-1 ni wọ́n gbá. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta ọdún 2019, ọ̀rọ̀ ti dé ibi pé bí Kòmórò bá lè na Kamẹrúùnù ní Yaoundé, àwọn ni yóò lọ sí ife ẹ̀yẹ Adúláwọ̀ dípò Kamẹrúùnù, ẹni tó gba ife náà kẹ́yìn. Kamẹrúùnù nà wọ́n ní 3-0. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ìlú kan náà àti alátakò kan náà ni wọ́n tún bá pàdé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí kò pé tán.

Fún ìdíje tó tẹ̀ lé e, inú ìsọ̀rí tí Íjíbítì, Kẹ́ńyà àti Tógò wà ni wọ́n kó wọn sí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, Tógò ti lé wọn kúrò lójú ọ̀nà ife àgbáyé pẹ̀lú 2-0 ní Lomé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n padà sí Lomé, wọ́n sì na Tógò ní 1-0. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, Íjíbítì dé Moroni, kò sì rí góòlù kankan gbá. Wọ́n gbá 1-1 pẹ̀lú Kẹ́ńyà ní Nairobi, wọ́n nà án ní 2-1 nílé, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, ọdún 2021, ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Tógò ni wọ́n fi yege. Góòlù méjì péré ló wọ àwọ̀n wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún yẹn, kí Íjíbítì tó nà wọ́n ní 4-0 ní Cairo lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí góòlù méjì yìí. Kì í ṣe pé Kòmórò ní àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí ẹni ń da ẹ̀wà. Ilé tí wọ́n tì pa ló gbé wọn dé Kamẹrúùnù. Nítorí náà, nígbà tí àìsàn àti ìfarapa kó gbogbo aṣọ́lé wọn lọ, òpó tó gbé ilé náà ró gan-an ló wó.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lọ sí ife ẹ̀yẹ Adúláwọ̀ nìyẹn. Ipò 132 ni FIFA tò wọ́n sí lágbàáyé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kínní ọdún 2022, Gàbọ̀n nà wọ́n ní 1-0. Ní ọjọ́ 14, Mòrókò nà wọ́n ní 2-0, ṣùgbọ́n Ben Boina gba pẹnárítì tí Youssef En-Nesyri gbá sí i, ó sì dá ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù mìíràn padà débi pé 2-0 yẹn dà bí oore. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì, kò sí góòlù kan, kò sí máàkì kan. Lẹ́yìn náà ni Gánà, tó ti gba ife yìí nígbà mẹ́rin, dé ní Garoua ní ọjọ́ 18.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni El Fardou Ben Nabouhane fi gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ní ìṣẹ́jú 25, André Ayew, balógun Gánà, gba káàdì pupa lẹ́yìn tó já lu Ben Boina níbi tí àwọn méjèèjì ti ń lé bọ́ọ̀lù kan náà. Ahmed Mogni, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Annecy ní ìpele kẹta ilẹ̀ Faransé, fi èkejì kún un ní ìṣẹ́jú 61. Gánà kò jẹ́ kó tutù: Richmond Boakye dá ọ̀kan padà, Alexander Djiku sì sọ ọ́ di 2-2 nígbà tó ku díẹ̀ kí ó di ìṣẹ́jú 80. Ikọ̀ tó bá jẹ́ tuntun sí irú ìdíje báyìí a máa túká ní ibi tó dé yẹn. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, kódà lára àwọn tó lágbára ju Kòmórò lọ. Àwọn ò túká. Ní ìṣẹ́jú 85, Mogni tún gbá a wọlé. 3-2. Gánà kó ẹrù rẹ̀, ó gba ilé lọ, Kòmórò sì ní máàkì mẹ́ta àkọ́kọ́ wọn nínú ìtàn ife náà.

Ṣùgbọ́n Ben Boina fara pa ní èjìká nínú ìṣẹ́gun yẹn, Ali Ahamada ló sì wọlé dípò rẹ̀. Ayọ̀ ọjọ́ yẹn kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa ro ìtumọ̀ rẹ̀.

Ipò kẹta ni Kòmórò wà ní ìsọ̀rí wọn, nítorí náà wọ́n ní láti dúró de àbájáde àwọn ìsọ̀rí mìíràn, torí pé mẹ́rin péré nínú àwọn mẹ́fà tó bá ṣe ipò kẹta ló máa tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi retí. Nígbà tí Sàró, ìyẹn Sierra Leone, pàdánù sọ́wọ́ Equatorial Guinea lọ́jọ́ 20, tí Kei Kamara sì pàdánù pẹnárítì tí ì bá dá a padà, ọ̀nà ṣí fún Kòmórò. Alátakò tí ọ̀nà náà sì gbé wọn lọ bá ni Kamẹrúùnù, nílé rẹ̀.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gbá a, ìròyìn jáde pé àyẹ̀wò ti fi àrùn Kòrónà hàn lára ènìyàn 12 nínú àgọ́ Kòmórò. Amir Abdou, akọ́nimọ̀ọ́gbá, wà nínú wọn. Ali Ahamada wà nínú wọn. Moyadh Ousseini, aṣọ́lé kẹta, wà nínú wọn pẹ̀lú. Èjìká Ben Boina kò tíì jiná. Aṣọ́lé mẹ́ta ni wọ́n kó wá, kò sì sí ọ̀kan tó lè ṣọ́lé.

Àjọ CAF, tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Adúláwọ̀, ti ṣe òfin fún irú ọ̀ràn yìí kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀. Òfin náà sọ pé ikọ̀ tó bá ti ní agbábọ́ọ̀lù 11 tí ara wọn yá gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Bí kò bá sí aṣọ́lé láàárín wọn, kí wọ́n mú ẹlòmíràn sí ibẹ̀. Bí wọn kò bá sì pé 11, a ó ka ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà sí ìpàdánù 2-0 fún wọn. Nítorí Kòmórò nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe é, gbogbo ikọ̀ 24 ni ó dè. Mi ò sì lè sọ pé kò nídìí, nítorí tí wọ́n bá ń sún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ síwájú nítorí gbogbo ikọ̀ tí àrùn bá wọ àgọ́ rẹ̀, ìdíje náà kò ní parí. Síbẹ̀, òfin tó ka aṣọ́lé mọ́ agbábọ́ọ̀lù yòókù bí ẹni pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe ní àbùkù nínú. Òfin bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ya aṣọ́lé sọ́tọ̀, ó sọ pé ọ̀kan nínú àwọn 11 gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣọ́lé, ó fún un ní aṣọ tó yàtọ̀, ó sì fún òun nìkan láyè láti fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù. Ì bá rọrùn kí àjọ náà fàyè gba ikọ̀ tí kò ní aṣọ́lé kankan mọ́ láti pe ẹyọ kan láti ìta. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kò sì ní náni ju owó ọkọ̀ òfuurufú lọ.

Ohun tó tún dun ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gan-an. Àyẹ̀wò tuntun fi hàn pé kò sí àrùn náà lára Ahamada mọ́. Inú àgọ́ Kòmórò dùn, wọ́n rò pé Ọlọ́run ti yọ wọ́n. Àmọ́ CAF dá wọn lóhùn pé ẹni tí àyẹ̀wò bá ti mú gbọ́dọ̀ wà ní àdádó fún ọjọ́ márùn-ún, ohun yòówù kí àyẹ̀wò kejì sọ. Ní ti ìlera, mo gbà pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti ṣọ́ra. Ní ti ìdájọ́ òdodo, ẹ wo bí ó ṣe rí lójú ẹni tí wọ́n sọ fún pé ara rẹ̀ ti yá, tí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà nínú àpò, tó sì ní láti jókòó sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kó máa wo agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn lórí tẹlifíṣọ̀n níbi tó yẹ kí òun dúró sí.

Bí a kò bá rí àdàn, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Alhadhur ni òòbẹ̀ tí wọ́n rí. Òun ni ó ti wọ ìbọ̀wọ́ nígbà ìgbáradì, tí wọ́n sì rí i pé ó lè mú bọ́ọ̀lù. Bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo ènìyàn ń retí kí Kamẹrúùnù máa gbá bọ́ọ̀lù sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ìṣòro mìíràn ló kọ́kọ́ dé. Nadjim Abdou fẹsẹ̀ tẹ Moumi Ngamaleu ní ẹsẹ̀, VAR, ìyẹn àwọn tó ń fi fídíò ran rẹfirí lọ́wọ́, pè é kó wá wò ó, ní ìṣẹ́jú keje, káàdì pupa ti jáde. Kòmórò kò ní aṣọ́lé, kò ní akọ́nimọ̀ọ́gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ó ti wá di ẹni mẹ́wàá, balógun ikọ̀ sì ti jáde, ìṣẹ́jú 83 ló kù. Èmi gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, tí ọgbẹ́ Super Eagles tí Tùnísíà lé kúrò ní Garoua lọ́jọ́ tó ṣáájú kò tíì san lára rẹ̀, ẹ̀rù góòlù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ló ń bà mí.

Ìṣẹ́jú 29 ni Toko Ekambi tó rí àwọ̀n. Ẹni tó bá wo bọ́ọ̀lù yẹn dáadáa yóò rí i pé aṣọ́lé tó ti ṣe iṣẹ́ náà fún ogún ọdún lè má rí i mú. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí a retí kò ṣẹlẹ̀. Alhadhur kò ṣe bí aṣọ́lé, ó ṣe bí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tí kò fẹ́ kí bọ́ọ̀lù kọjá: ó ń sáré jáde kí bọ́ọ̀lù tó balẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ dá a padà níbi tí aṣọ́lé yóò ti fi ọwọ́ mú un, ó ń ju ara rẹ̀ sí iwájú ẹni tó bá fẹ́ gbá a. Ó dá bọ́ọ̀lù Aboubakar padà nítòsí, nígbà tí wọ́n sì tún gbá a wá kó tó dìde tán, ó tún dá ìyẹn padà. Àwọn mẹ́sàn-án tó wà níwájú rẹ̀ náà mọ̀ pé bí àwọn bá fa ara wọn sẹ́yìn jù, iṣẹ́ yóò pọ̀ jù lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù síwájú, wọ́n ń wá góòlù lọ́dọ̀ Kamẹrúùnù.

Aboubakar gbá èkejì wọlé ní ìṣẹ́jú 70, góòlù kẹfà rẹ̀ nínú ìdíje náà. 2-0. Bí wọ́n bá ti jókòó sílé ní òtẹ́ẹ̀lì, 2-0 náà ni òfin ì bá kọ fún wọn. Ibẹ̀ ni Youssouf M'Changama ti gba fíríkíìkì ní ìṣẹ́jú 81, láti nǹkan bíi mítà 30. Ó fẹsẹ̀ yí i, bọ́ọ̀lù náà lọ, ó ga, ó sì rọ̀ wálẹ̀ sí igun òkè. André Onana, tó wà lára àwọn aṣọ́lé tó lórúkọ jù lọ ní ilẹ̀ Adúláwọ̀, fò, kò bá a. Lójú tèmi, góòlù yẹn ló dára jù lọ nínú gbogbo ìdíje náà. 2-1 ló sì parí sí. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan tó kù, Kamẹrúùnù ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Kò tọ́ kí n kọ ìtàn alẹ́ yẹn láìsọ èyí tó burú jù nínú rẹ̀. Pápá Olembe gba 60,000 ènìyàn, àṣẹ sì wà pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni kó wọlé nígbà tí Kamẹrúùnù bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, èrò kó jọ sí ẹnu ọ̀nà gúúsù, wọ́n ń ti ara wọn, àwọn kan ṣubú, ẹsẹ̀ sì tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ kú, àwọn 38 fara pa. Patrice Motsepe, ààrẹ CAF, sọ lọ́jọ́ kejì pé géètì kan tó yẹ kó wà ní ṣíṣí ni wọ́n tì, àti pé bó bá wà ní ṣíṣí ni, ohun tó ṣẹlẹ̀ ì bá má ṣẹlẹ̀. Ààrẹ Paul Biya pàṣẹ ìwádìí, wọ́n sì gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tó yẹ kó wáyé níbẹ̀ ní ìpele tó kàn lọ sí pápá mìíràn. Àwọn mẹ́jọ yẹn wá wo bọ́ọ̀lù ni, wọn kò padà sílé. Nígbà tí Alhadhur ń dá bọ́ọ̀lù padà, tí à ń pariwo nídìí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ìdílé kan ti wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń wá ẹni wọn.

Ìwé àkọsílẹ̀ Kòmórò nínú ìdíje àkọ́kọ́ wọn nìyí: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4, ìṣẹ́gun 1, ìpàdánù 3, góòlù 4 ni wọ́n gbá wọlé, 7 ló wọlé wọn. Bí ẹnìkan bá kà á láti ọ̀nà jíjìn, yóò sọ pé ikọ̀ aláìlágbára ni. Ẹ jẹ́ ká kà á lọ́nà mìíràn. Nínú ìpàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí wọ́n fi góòlù tó ju méjì lọ ṣíwájú wọn. Nígbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú aṣọ́lé gidi tí wọ́n sì pé mọ́kànlá, Gàbọ̀n nà wọ́n ní góòlù kan, Mòrókò nà wọ́n ní méjì. Nígbà tí wọn kò ní aṣọ́lé tí wọ́n sì jẹ́ mẹ́wàá, níwájú onílé, góòlù kan ṣoṣo náà ni wọ́n fi nà wọ́n. Ọdún mẹ́ta ṣáájú, nígbà tí gbogbo wọn wà ní pípé, 3-0 ni Kamẹrúùnù yìí kan náà nà wọ́n ní ìlú yìí kan náà. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí a fi lè wọn ìdàgbàsókè ikọ̀ kan tó dára ju ìyẹn lọ.

Amir Abdou fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ó lọ ń kọ́ Mauritania. Kòmórò kò yege fún ìdíje tó tẹ̀ lé e, èyí tó wáyé ní Ivory Coast, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni oríire wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, Gánà dé Moroni nítorí ife àgbáyé, Myziane Maolida gbá góòlù kan sí i lọ́wọ́, ó sì tó. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, lábẹ́ Stefano Cusin, wọ́n lọ na Tùnísíà ní 1-0 nílé rẹ̀ ní Radès, wọ́n kò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan nínú ìsọ̀rí wọn, wọ́n sì ṣe ipò kìíní, wọ́n fi Tùnísíà sípò kejì. Ìyẹn ló gbé wọn padà sí ife ẹ̀yẹ Adúláwọ̀.

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 2025, àwọn ni wọ́n bá Mòrókò ṣí ìdíje náà ní Rabat, lójú onílé lẹ́ẹ̀kan sí i. 2-0 ni Mòrókò nà wọ́n. Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ tí rẹfirí fún Mòrókò ní pẹnárítì, Soufiane Rahimi sì gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Yannick Pandor ló dúró lójú ilé Kòmórò lọ́jọ́ náà, aṣọ́lé gidi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀, ó sì gba pẹnárítì náà.